Wọ́n Wá Jà Du Páálí Horiana

Maraea gbé páálí kan mọ́ àyà nígbà tó rí àwọn ọkọ̀ náà. Wọ́n ń sọ̀ bọ̀ láti ọ̀nà òkè, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, gbogbo wọn sì tan iná iwájú sílẹ̀ nínú oòrùn àárọ̀ tó mọ́ kedere. Ẹni tó bá ń lọ síbi òkú ló máa ń wa ọkọ̀ báyẹn. Ó dúró lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù tó wá láti Wellington, olú ìlú, ó ń ro ẹni tó lè jẹ́ òkú.

"Ṣé ẹ ń retí àlejò ni?" Bronwyn béèrè. Obìnrin òyìnbó yìí ni ilé àkójọ ìwé rán wá kó àwọn páálí náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì wa ọkọ̀ wá.

"A ò retí ẹnì kankan."

Maraea wẹ̀yìn. Lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé ìpàdé, Paratene jókòó pẹ̀lú kóòtù dúdú àti táì, ó fi ọ̀pá rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀. Ó ti múra báyìí láti ìdájí. Àdúrà ìdágbére ni Maraea rò pé ó torí ẹ̀ wọ kóòtù.

"Bàbá, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Àwọn wo wá nìyẹn?"

Paratene tẹ̀ ba, ó ń tún okùn bàtà tí kò tú so. "Ó jọ pé àwọn ará òkè ni. Àwọn èèyàn ìyá Horiana."

"Ta ló sọ fún wọn pé òní la fẹ́ kó o?"

"Ilé wo ni kò sí fóònù, ọmọ?"

Horiana ni ìyá Maraea. Olóòtú eré orí ìtàgé ni, ó sì tún ṣe fíìmù. Bí èèyàn bá bi í pé kí ni olóòtú ń ṣe gan-an, á ní òun lòun ń wá ibi tí àwọn yòókù máa sùn. Òun ló ń yá bọ́ọ̀sì, òun ló ń bẹ àgbẹ̀ pé kó jẹ́ kí wọ́n lo pápá rẹ̀, tí òjò bá sì dé, òun ló ń wá ibi tí wọ́n máa gbé kámẹ́rà sá sí. Ó ṣe é títí ó fi darúgbó, kò sì da ìwé kan nù. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú páálí: ìwé eré tí wọ́n ti fa ilà pupa gba orí ìdajì rẹ̀, orúkọ àwọn òṣèré àti oúnjẹ tí kálukú wọn kì í jẹ, àwòrán àwọn tó wá dán ara wọn wò tí wọn ò mú, àwọn fíìmù nínú agolo wọn.

Nígbà tó ń ṣàìsàn, ohun kan ṣoṣo ló tẹnu mọ́ lórí wọn. Ó ní, "Má jẹ́ kí omi kàn wọ́n." Maraea ṣèlérí. Ó kó wọn sí ibi tó ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí, ọkọ̀ rẹ̀ wá ń sùn síta. Nígbà tó yá, odò kún, ó wọlé, ó sì rin àwọn páálí ìsàlẹ̀. Maraea dúró nínú omi dé orúnkún, ó ń gbé wọn sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bẹ ìyá rẹ̀ bí ẹni pé ìyá náà ń wò ó. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló kọ̀wé sí Wellington.

Wọ́n fèsì pé ìṣúra orílẹ̀-èdè ni. Ọ̀rọ̀ ńlá. Horiana kò gbọ́ irú ẹ̀ rí nígbà tó wà láàyè. Èyí tó ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ ìjọba ni "a ó kàn sí yín." Maraea kò wá ọ̀rọ̀ ńlá lọ. Wọ́n ní yàrá tí kì í gbóná tí kì í tutù, tí omi kò lè dé. Ìyẹn ló ń wá. Ó fọwọ́ sí ìwé wọn, wọ́n sì dájọ́.

Nǹkan kan ṣoṣo ni Paratene bẹ̀bẹ̀ fún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Horiana ni, òun sì ni àgbà tó kù ní ìdílé náà létí òkun níbí. Ó ní kí wọ́n má kó Horiana lọ láti ibi ìgbọ́kọ̀sí bíi táyà. Kí wọ́n tẹ́ àwọn páálí náà sí ìloro ilé ìpàdé fún òru kan, níbi tí wọ́n tẹ́ òun fúnra rẹ̀ sí nígbà tó kú, kí wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ lé e lórí, kí wọ́n gbàdúrà, kó tó máa lọ. Maraea gbà. Òru kan kò kúkú pọ̀ jù, wọ́n sì tẹ́ wọn síbẹ̀ lálẹ́ àná. Kò béèrè ìdí tí bàbá náà fi ń wo ọ̀nà òkè ṣáá.

"Kó àwọn tó ti wà nínú ọkọ̀ padà síbí," Paratene wí. Ó ti dìde.

Bronwyn wo Maraea. "Mo ti di ìdajì wọn sínú ọkọ̀."

"Bàbá, òjò ń bọ̀ lọ́sàn-án. Ó yẹ kí ọkọ̀ yìí ti kúrò níbí."

"Wọ́n ti dé ẹnu géètì, Maraea. Ṣé inú ọkọ̀ akẹ́rù lo fẹ́ kí wọ́n ti bá ìyá ẹ?"

Àwọn méjèèjì kó wọn padà, wọ́n ń sáré, Bronwyn náà sì ń sáré láìmọ ohun tó ń lé òun. Nígbà tí páálí tó kẹ́yìn kanlẹ̀, ìyàwó Paratene ti wé ewé tútù tí wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀ mọ́rí, ó ti dúró lẹ́nu ìloro. Ó ké pè wọ́n wọlé pẹ̀lú ohùn gígùn tí wọ́n fi ń pe àwọn tó gbé òkú wọn wá àti àwọn tó wá bá òkú. Obìnrin kan dá a lóhùn láti ẹnu géètì. Maraea mọ ohùn náà. Kararaina ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Horiana. Létí adágún lókè ni òun àti Horiana ti jọ dàgbà, lórí ẹní kan náà.

Ọkàn Maraea kò balẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ ohun tí wọ́n bá wá. Ẹni tó bá jẹ́ ti ibi méjì, tó bá kú, ibi méjèèjì ní ń jà du òkú rẹ̀. Wọ́n á bú ara wọn, wọ́n á ka ẹ̀ṣẹ̀ baba ńlá síra wọn lẹ́sẹ̀, títí apá kan á fi gbà. Maraea ti rí i nígbà tó wà lọ́mọdé, nígbà tí ẹ̀gbọ́n Paratene kú, tí àwọn àna fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé pósí gba ojú fèrèsé. Ó kórìíra rẹ̀ gan-an. Ó ní tó bá kan tòun, kò ní ṣẹlẹ̀.

Kò sì ṣẹlẹ̀. Ìgbà òtútù ni Horiana kú, ọdún kejì rèé. Òjò rọ̀ títí òkè fi ya, ẹrẹ̀ àti igi dí ọ̀nà àárín òkè. Maraea ló ṣètò gbogbo nǹkan, oúnjẹ, ibùsùn, pósí, fóònù. Nígbà tí àwọn ará òkè pè pé àwọn ń bọ̀, ó sọ fún wọn pé ọ̀nà ti dí, Ọjọ́bọ̀ làwọn máa sin ín, kí wọ́n má ṣèyọnu. Wọ́n sin ín ní Ọjọ́bọ̀. Ìsìnkú náà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Ó rò pé àárẹ̀ ni.

Wọ́n wọlé díẹ̀díẹ̀, aṣọ dúdú lára wọn, ewé lórí wọn. Wọ́n dúró níwájú àwọn páálí náà, wọ́n sì sunkún. Wọ́n sun ún pẹ́. Ikun ń ṣàn nímú wọn, ẹnikẹ́ni kò nù ún. Maraea dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́, téèpù tó fi ń di páálí ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹ̀gbà. Bronwyn tẹrí ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jókòó, arákùnrin Kararaina ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó kí ilé, ó kí òkú, ó rọra sọ pé àwọn wá wo ọmọ àwọn. Kararaina kùn láti orí bẹ́ǹṣì: "Ṣé ohun tá a torí ẹ̀ wa ọkọ̀ wá nìyẹn?" Ó dìde kí arákùnrin rẹ̀ tó jókòó tán. Kò sí ẹni tó máa ní kí Kararaina má dìde.

"Paratene, mo rí ẹ. O ti sanra."

"Mo wà níbí," Paratene dáhùn.

"Mo ní o ti sanra. Ẹran wa lo jẹ." Ó ń rìn síwá sẹ́yìn, ó ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀. "Ẹ̀yin ẹlẹ́ja wọ̀nyí. Ẹ wá fẹ́ ìyá rẹ̀ lọ, a ní ó dáa. Ó wá bí ọmọ náà sọ́dọ̀ wa, omi adágún wa la fi wẹ̀ ẹ́, ẹ wá mú ọmọ lọ, ẹ ní ilé ìwé wà lọ́dọ̀ yín. A ní ó dáa. Ó kú, ẹ sin ín bí onígbèsè tó ń sá fún olówó. Èyí tó ṣẹ́kù nìyí, ẹ tún fẹ́ rán an lọ sí Wellington, kí wọ́n tì í mọ́ inú fíríìjì bí ẹran. Ojú àwọn ìyá wa wà nínú fíìmù yẹn. Ohùn wọn wà níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó dáná àti ẹni tó gbé àga, ó kọ gbogbo ẹ̀. Tiwa ni. A wá gbé e lọ sílé."

Àwọn èèyàn rẹ̀ dìde, wọ́n fi orin ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Bronwyn rọra béèrè lọ́wọ́ Maraea bóyá ohun tí òun gbọ́ yìí ló ń ṣẹlẹ̀.

"Òun ni," Maraea wí. "Wọ́n fẹ́ kó wọn lọ."

"Ṣùgbọ́n ẹ ti fọwọ́ sí i."

"Mo mọ̀."

Paratene kò kánjú. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì, ó jáde síwájú.

"Kararaina, o sọ̀rọ̀ dáadáa. Òrùlé ilé yín ń jò, ẹ ò lè sùn, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ráyè to ọ̀rọ̀ jọ." Àwọn kan rẹ́rìn-ín ní apá méjèèjì. "O ní tiyín ni. Níbo lẹ wà nígbà tó kọ́kọ́ ṣeré? Inú ilé ìrẹ́run àgùntàn wa ló ti ṣe é. Ìgbẹ́ àgùntàn ń bẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn òṣèré. Àwọn arẹ́run jókòó lórí àpò irun, wọ́n ń mu bíà, wọ́n ní kí ọba inú eré náà tètè kú káwọn lè lọ jẹun. Èmi ni mo gbé àtùpà. Ẹ̀yin ní orí rẹ̀ ti dàrú."

"Ìyá ẹ ló sọ bẹ́ẹ̀," Kararaina ké láti orí bẹ́ǹṣì. "Mo wà níbẹ̀. Ìyá ẹ ní kí wọ́n wá ọkọ fún un kó lè simi."

"Ìyá mi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyá mi ló gbọ́únjẹ fún wọn."

"Ọ̀dùnkún tútù."

"Oúnjẹ ni."

Maraea kò gbọ́ nípa ọba tí wọ́n ní kó tètè kú yẹn rí. Ó mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ṣeré kan nínú ilé ìrẹ́run. Páálí kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sí lára, òun ló gbé e lówùúrọ̀ yìí. Kò mọ̀ pé Paratene ló gbé àtùpà.

Wọ́n ń bá a lọ. Ẹnì kan láti òkè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni òjò fi rọ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù létí adágún, oúnjẹ tán, àwọn òṣèré tó ti ìlú ńlá wá fẹ́ máa lọ, àwọn sì pa màlúù tí àwọn ń sìn fún ìgbéyàwó. Ìyàwó Paratene ní àwọn ló fi ẹja ránṣẹ́. Wọ́n ní ẹja náà ti rà. Ó ní irọ́ ni. Kararaina ní Horiana ń sùn nílé ìdáná láàárín àpò ọ̀dùnkún, torí ó ti fún ọkùnrin tó ń ya fíìmù ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, àti pé lálaalẹ́ ló máa ń wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún.

"Kò fẹ́ kí wọ́n rí i," Kararaina wí. "Ó ní tí olóòtú bá sunkún, gbogbo wọn á kó ẹrù wọn. Mo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà. Tí ẹnì kan bá ń bọ̀, mo máa ń sọ pé mo fẹ́ ṣu, kó lọ sínú igbó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Maraea kò rẹ́rìn-ín. Ìkùukùu ti ń ṣú bọ̀ láti òkun. Òjò máa rọ̀ lóòótọ́, àwọn páálí sì wà ní ìloro tí kò ní ògiri níwájú. Ó wo Bronwyn, ó rí i pé òun náà ń wo ojú ọ̀run. Ó yẹ kí ẹnì kan parí ọ̀rọ̀ yìí. Òun ni gbogbo ayé mọ̀ sí ẹni tó ń parí ọ̀rọ̀. Ó dìde.

"Ẹ dákun, ẹ̀yin àgbà. Màmá ní kí omi má kàn wọ́n. Wọn ò lè wà níbí, wọn ò sì lè wà lókè. Ṣùgbọ́n kò sóhun tá a fẹ́ torí ẹ̀ jà. Àwọn ará Wellington lè ṣe ẹ̀dà gbogbo ẹ̀. Ẹ ó ní ẹ̀dà tiyín lókè, àwa náà á ní tiwa níbí. Ìwé, àwòrán, fíìmù pàápàá. Bronwyn ti gbà."

Bronwyn mi orí, inú rẹ̀ dùn pé ohun kan wà tí òun lè ṣe.

Arákùnrin Kararaina ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ̀dà," Kararaina wí. Kò pariwo. "Tá a bá wá gbé òkú, ṣé ẹ̀dà rẹ̀ lo máa fún wa, ọmọ Horiana?"

"Àǹtí, mi ò ní in lọ́kàn láti—"

"Jókòó, Maraea," Paratene wí. Ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kò yí ojú sí i. "Jẹ́ ká jà."

Ó jókòó. Ojú ń tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún, wọ́n sì ní kó jókòó níwájú àlejò bí ọmọdé.

Kararaina tún jáde síwájú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rìn síwá sẹ́yìn. Ó dúró sójú kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá rẹ̀.

"Mi ò bú ọmọ náà. Ó ti rẹ ọmọ náà nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n màá sọ ọ́, torí ẹ̀yin rò pé a ò wá. A wá. Ó sọ fún wa lórí fóònù pé ọ̀nà ti dí, a sì wá. A kó sínú ọkọ̀, a wa ọkọ̀ dé ibi tí òkè ti ya. Ẹrẹ̀ ga ju ilé lọ. À ń gbọ́ katakata tó ń kó o lódìkejì, a ò rí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kí á padà sílé, ó di ọ̀túnla. Òjò ń pa wá. Báwo la ṣe fẹ́ padà sílé? A ti to ọ̀rọ̀ jọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ti kú báyìí, ó ti wọ kóòtù. A ò lè gbé ọ̀rọ̀ òkú padà sílé. Torí náà, mo kọjú sí ẹrẹ̀ yẹn, mo sọ ọ́. Mo pè ẹ́ lólè, Paratene. Mo pe bàbá ẹ lólè. Mo ní kẹ́ ẹ gbé àbúrò mi jáde. Ẹ̀gbọ́n mi sọ tiẹ̀. A kọrin. A tún dúró díẹ̀, bóyá nǹkan kan máa fèsì."

Ó yíjú sí Paratene.

"Ẹrẹ̀ ò fèsì. Ṣé o mọ bó ṣe rí, kéèyàn búni kí wọ́n má búni padà? Látọjọ́ náà ló ti há mi lọ́fun. Ẹ̀gbọ́n mi gbé tiẹ̀ wọ sàréè. Mi ò fẹ́ gbé tèmi wọ ibẹ̀. Nítorí náà, Paratene, dá mi lóhùn."

Kò sí ẹni tó kọrin sí ìyẹn.

Maraea ń wo ẹnu obìnrin náà bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Ìgbà tí òun ń ka àwo nílé ìdáná, tí òun ń dúpẹ́ nínú ara òun pé kò sẹ́ni tó wá dààmú òkú ìyá òun, àwọn wọ̀nyí wà nínú òjò, wọ́n ń pariwo orúkọ ìyá òun sí ẹrẹ̀. Gbogbo àkókò tó ti kọjá yìí ló sì ti gbà pé lókè, wọ́n gbọ́ pé Horiana kú, wọ́n sì jókòó sílé wọn.

Paratene dìde. Ó rìn títí ó fi sún mọ́ Kararaina ju bí ó ṣe yẹ lọ.

"Olè ni ìwọ náà," ó wí. "Bàbá ẹ jí ẹṣin bàbá mi, ó gùn ún lọ síbi ìsìn, ó tún gùn ún padà wá bí ẹni tó ni ín. O ò ní gbé e. Ṣé o gbọ́? O ò ní gbé ìwé kan kúrò níbí. Èmi ni mo gbé àtùpà. Èmi ni mo wa bọ́ọ̀sì rẹ̀ nígbà tí awakọ̀ sá lọ, mi ò sì mọ bọ́ọ̀sì wà. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tó kú, ìwọ ò sí níbẹ̀." Ohùn rẹ̀ já. "Ó béèrè ẹ. Ó ní, Kararaina ńkọ́? Mo ní ọ̀nà ti dí. Ó ní, ẹlẹ́nu gígùn yẹn, kò sí ẹrẹ̀ tó lè dí i. O rí i, mo ti dá ẹ lóhùn. Olè ni ẹ́. Gbogbo yín pátá, olè ni yín."

Omi ń dà lójú Kararaina, ó sì ń mi orí sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n ń fún lóúnjẹ. "Ó ṣeun," ó wí. "Ó ṣeun. Tún sọ ọ́."

"Olè."

Wọ́n fi iwájú orí kan iwájú orí, wọ́n fi imú kan imú bí wọ́n ṣe máa ń kíra wọn, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Paratene tú ara rẹ̀ sílẹ̀, ó yíjú sí Maraea. "Ó yá, dìde wàyí. Àwa méjèèjì ti sọ tiwa. Ìwọ lo jẹ́ ti ibi méjèèjì."

Ẹ̀kán òjò kan bọ́ sórí pátákó ìloro. Maraea wo àwọn páálí náà. Ó wo àwòrán ìyá rẹ̀ tó wà lórí wọn, èyí tí ẹnì kan yà lẹ́nu iṣẹ́, níbi tó ti ń ṣẹ́jú nínú oòrùn, ìwé lábẹ́ abíyá, bí ẹni tó fẹ́ sọ pé kí wọ́n máa ṣe kíá. Ó ti ṣèlérí fún un. Ó sì ti fọwọ́ síwèé fún àwọn ẹlòmíì.

"Àǹtí, ṣé òrùlé yín ṣì ń jò?"

"Apá ìdáná nìkan."

"Kò kan inú ilé ìpàdé?"

"Màá jókòó sábẹ́ ibi tó bá ti jò."

Maraea kọjú sí gbogbo wọn. "Ẹ gbé e, ẹ̀yin ará òkè. Kó lọ sùn nílé ìyá rẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà ló máa lọ Wellington."

Kararaina ṣí ẹnu, Paratene sì gbé ọwọ́ sókè sí i, kó má bà á jẹ́.

Bronwyn nìkan ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́. Maraea lọ bá a nídìí ọkọ̀, ó ṣàlàyé. Bronwyn gbọ́ ọ tán, ó fi ọwọ́ nu òjò ojú rẹ̀. Ó ní òfin wọn ni pé àwọn páálí náà kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú òun títí òun fi máa fi wọ́n jíṣẹ́.

"Kí ló wí?" Kararaina béèrè.

"Ó ní òun ò lè fi wọ́n sílẹ̀."

"Ta ló ní kó fi wọ́n sílẹ̀? Kó wá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni gbogbo wa máa sùn."

Bronwyn ronú sí i. "Ṣé wọ́n á fún mi ní bùláńkẹ́ẹ̀tì?"

"Wọ́n á fún ẹ débi tí o ò ní lè mí," Maraea wí.

Gbogbo wọn ló gbé páálí. Wọ́n na ọ̀rá lé wọn lórí láti ìloro dé ẹnu ọkọ̀, ará òkè di etí kan mú, ará etí òkun di etí kejì, wọ́n sì ń bú ara wọn lọ bú ara wọn bọ̀ pé ẹnì kejì kò fà á dáadáa. Omi kò kàn wọ́n. Kararaina gun iwájú ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bronwyn láìbéèrè, ó ní òun ló mọ ọ̀nà. Ó na ọ̀pá sí Maraea. "Ìwọ náà, mú aṣọ ẹ. Ta ló ń dá ìyá ẹ̀ fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀?"

Maraea sáré wọlé lọ mú aṣọ dúdú rẹ̀. Nígbà tó ń gba ilé ìdáná jáde, ó bá Paratene níbẹ̀, kóòtù ti kúrò lára rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù náà gbẹ nítorí òjò. Ẹnu bàbá náà ń mì láìsí ohùn, ó ń ka nǹkan lórí ìka rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mo ń to ọ̀rọ̀ jọ. Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ màlúù yẹn lónìí. Wọ́n ní màlúù ìgbéyàwó ni, irọ́ ni, màlúù tó yarọ ni." Ó wò ó bí ẹni pé ó yẹ kó ti mọ̀. "Ọ̀la la ń lọ gbà á padà."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí wọ́n gbé e lọ ni."

"Lónìí. Ṣé o rò pé a máa fi Horiana sílẹ̀ fún àwọn èèyàn yẹn ni?"

Ìyàwó rẹ̀ kò gbójú sókè lórí áyọ́ọ̀nù. "A ti pe àwọn ará Gisborne," ó wí. "Àwọn náà ní àwọn ń bọ̀. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ló ti ṣe eré kejì."

Maraea dúró pẹ̀lú aṣọ lápá. Níta, Bronwyn ti sọ gíláàsì kalẹ̀, ó na fóònù rẹ̀ síta bí ẹni ń wá nẹ́tíwọ̀kì, ó ń pè é.

"Maraea, mo ní láti sọ nǹkan kan fún wọn ní Wellington. Ìgbà wo ni kí n sọ pé ó máa dé?"

Ó rìn dé ìdí ọkọ̀ kó tó fèsì. Ó ti ní ọjọ́ lẹ́nu, ó fẹ́ dá a fún wọn bó ṣe máa ń dájọ́ fún gbogbo èèyàn. Kò jáde.

"Sọ fún wọn pé a ò mọ̀," ó wí. "Sọ fún wọn pé wọ́n ṣì ń jà du ìyá mi."

Kararaina sún, ó ṣàyè fún un.